Bí Irin Bá Wà Nínú Ara: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Mọ̀ Kí Ó Tó Wọ Yàrá Síkáànì

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ Rẹ́mọ sọ ní ìpàdé wọn ní Ṣágámù)

  

Ìgbìmọ̀ ètò ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìlera fún yín. Iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara ni iṣẹ́ mi ní ilé ìwòsàn, mo sì ní ìwé ìfowópamọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe ní in. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ó kan ara tí ó sì kan àpò ni mo yàn. Ó dá lórí irin tí àwọn dókítà ń fi sí ara ènìyàn, àti bí irin náà ṣe ń ba àwòrán tí a ń pè ní CT scan jẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí síkáànì.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìkan ni. Owó síkáànì kì í ṣe owó àkàrà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá yá owó fún ìtọ́jú, tí àwọn onídùúró fọwọ́ sí ìwé fún un, tí ó san owó síkáànì, tí àwòrán náà sì jáde tí dókítà kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ìdáhùn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò tún padà lọ san òmíràn. Ohun tí ó ń fa èyí nígbà mìíràn kò ju pé aláìsàn kò sọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ kò sì bi í.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé délé lónìí: ẹni tí irin bá wà nínú ara rẹ̀, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ṣáájú máa ń gba owó là, ó sì lè gba ẹ̀mí là.

IRIN PỌ̀ NÍNÚ ARA WA

Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ọ̀nà Benin sì ń pàdé rẹ̀ ní oríta Ṣágámù, ni a ti ń jẹ èrè ọjà tí a sì ń rí ìyọnu ìjàǹbá ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà tún kún ìgboro. Ẹni tí itan rẹ̀ bá ṣẹ́, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà egungun, wọ́n lè ti irin gígùn bọ inú ihò egungun náà, kí wọ́n sì fi ìdè dè é lókè àti nísàlẹ̀. Gerhard Küntscher, dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó sọ ọ̀nà yìí di ohun ńlá láti ọdún 1939. Ní tiwa níbí, ilé ìwòsàn egungun ti Igbobi ní Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́, tí ó sì di ilé ìwòsàn ní 1945, ti ń to egungun fún wa láti ìgbà náà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ṣágámù, tí ó di ilé ìwòsàn fásitì ní 1986, náà wà lẹ́bàá wa. Àjọ kan sì wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ SIGN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, tí ń fi irin egungun ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ tí kò lówó púpọ̀. Nàìjíríà wà lára wọn.

Kì í ṣe ẹni tí ó ní ìjàǹbá nìkan ni irin wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń rí i pé orí egungun ìbàdí wọn ń kú, wọ́n a sì fi oríkèé onírin rọ́pò rẹ̀ fún ẹlòmíràn nínú wọn. Àwọn àgbàlagbà tí oríkèé wọn ti jẹ náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kékeré ní àyà tí ń bá ọkàn wọn tọ́ ìlù rẹ̀. Àwọn kan ní àwọ̀n kékeré onírin nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn. Iṣẹ́ ọkàn irú èyí kò jìnnà sí wa mọ́, wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn Babcock ní Ìlíṣàn. Ẹ tún wo eyín: ẹni tí ó fi wúrà ṣe eyín, tàbí tí wọ́n fi irin dí ihò eyín rẹ̀, irin wà lára rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọdẹ wa. Ọta ìbọn ṣakabùlà tí ó ṣèèṣì ba ènìyàn ní ogún ọdún sẹ́yìn lè wà nínú ẹran ara rẹ̀ di òní, kí òun fúnra rẹ̀ sì ti gbàgbé.

BÍ Ẹ̀RỌ CT ṢE Ń MỌ OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ARA

Ní 1895 ni Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, rí ìtànṣán X-ray. Ṣùgbọ́n X-ray lásán máa ń to gbogbo nǹkan lé ara wọn lórí, bí ìgbà tí a to aṣọ mẹ́wàá léra tí a wá ń wo ti òkè. Allan Cormack, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ South Africa, àti Godfrey Hounsfield, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n wá ọ̀nà àbáyọ, olúkúlùkù lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n fi ẹ̀rọ Hounsfield ya orí aláìsàn kìíní ní ilé ìwòsàn kan ní London. Ní 1979, àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé owó wa ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ká sọ pé ènìyàn mẹ́ta dá owó: Ìyá Olóbì, Bàbá Alágbẹ̀dẹ àti Bọ̀dá Awakọ̀. Ìwé tí a kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá sí ti sọnù. Ṣùgbọ́n agbowó mẹ́ta wà, olúkúlùkù sì ní àpapọ̀ owó ènìyàn méjì lọ́wọ́. Agbowó kìíní sọ pé ti Ìyá Olóbì àti ti Bàbá Alágbẹ̀dẹ jẹ́ ₦5,000. Èkejì sọ pé ti Bàbá Alágbẹ̀dẹ àti ti Bọ̀dá Awakọ̀ jẹ́ ₦7,000. Ẹ̀kẹta sọ pé ti Ìyá Olóbì àti ti Bọ̀dá Awakọ̀ jẹ́ ₦6,000. Oníṣirò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ fún yín pé Ìyá Olóbì dá ₦2,000, Bàbá Alágbẹ̀dẹ dá ₦3,000, Bọ̀dá Awakọ̀ sì dá ₦4,000. Kò rí ẹnì kankan nínú wọn. Àpapọ̀ ni ó fi mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni CT. Ẹ̀rọ náà ń yí aláìsàn ká, ó ń ta ìtànṣán gba ara rẹ̀ kọjá láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún igun. Ìtànṣán kọ̀ọ̀kan ń mú àpapọ̀ gbogbo ohun tí ó bá pàdé lọ́nà jáde ní òdìkejì. Kọ̀ǹpútà wá ń ṣírò, títí yóò fi mọ iye tí ó tọ́ sí orígun kékeré kọ̀ọ̀kan nínú ara. Omi ni wọ́n fi ṣe òdo. Afẹ́fẹ́ jẹ́ 1,000 ní ìsàlẹ̀ òdo. Egungun líle lè lé ní 1,000 lókè òdo. Iye wọ̀nyí ni ó ń di dúdú, eérú àti funfun tí ẹ ń rí lórí fíìmù.

OHUN TÍ IRIN Ń BÀ JẸ́

Ẹ padà sí ìwé owó wa. Ká sọ pé òjò pa ìwé agbowó kejì, tí ₦7,000 rẹ̀ wá di ₦5,000. Oníṣirò kò mọ̀. Ó ṣírò bí ó ti máa ń ṣe é, ó sì kéde pé Ìyá Olóbì dá ₦3,000, Bàbá Alágbẹ̀dẹ ₦2,000, Bọ̀dá Awakọ̀ ₦3,000. Ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ Ìyá Olóbì kò sí lórí ìwé tí òjò pa rárá, síbẹ̀ ₦1,000 tí kò dá bọ́ sí orúkọ rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dàrú.

Ohun tí irin ń ṣe fún àwòrán CT nìyẹn. Gbogbo ìtànṣán tí ó bá gba inú irin kọjá máa ń mú ìròyìn èké wá. Kọ̀ǹpútà sì ń fi èké náà ṣírò fún àwọn ibi tí irin kò dé. Nígbà tí àwòrán bá jáde, a óò rí ìlà funfun àti ìlà dúdú tí ó ń ta jáde láti ara irin bí ìtànṣán oòrùn. Nígbà mìíràn, bí irin bá wà ní ìbàdí méjèèjì, òkùnkùn biribiri ni yóò bo àárín wọn. Òjìji irin ni mo máa ń pè é.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni èké náà ń gbà wá. Èkíní, ìtànṣán X-ray kì í ṣe irú kan. Alágbára àti aláìlágbára ni ó pọ̀ mọ́ra, bí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gun òkè. Àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn kò dára yóò kú sọ́nà, àwọn alágbára nìkan ni yóò dé orí òkè. Ẹni tí ó dúró lókè tí ó ń ka àwọn tí ó dé, tí ó sì rí i pé wọn kò mí hẹlẹ, yóò rò pé òkè náà kò ga. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń ṣìrò ohun tí ìtànṣán là kọjá, ibẹ̀ yóò sì dúdú ju bí ó ti yẹ lọ. Èkejì, níbi tí irin bá ti nípọn jù, ìtànṣán tí ó lè kọjá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò rí nǹkan kà. Ó kàn ń méfò ni.

Irin kò sì dọ́gba. Titanium fúyẹ́, ìtànṣán ń rí ọ̀nà gba inú rẹ̀, òjìji rẹ̀ kéré. Irin tí kì í dípẹtà, tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ irin itan, burú jù ú lọ. Àdàlú cobalt àti chromium tí ó wà lára àwọn oríkèé onírin kan kò rọrùn pẹ̀lú. Wúrà eyín àti òjé ọta ìbọn ni olórí wàhálà. Bí irin bá ṣe tóbi tó, tí ìtànṣán sì ṣe gba òró rẹ̀ kọjá tó, ni òjìji yóò ṣe pọ̀ tó.

IBI TÍ EWU WÀ

Ẹ jẹ́ kí a ro ti awakọ̀ kan tí wọ́n fi irin sí ìbàdí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta kọjá, ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ibà sì ń wá ní alaalẹ́. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ọyún ti gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ irin náà, bóyá irin ti ń mì, bóyá egungun ti so tàbí kò tí ì so. Ibi tí dókítà ń wá gan-an ni òjìji ń ṣú bò. Bí àwòrán bá dúdú níbẹ̀, ta ni yóò sọ bóyá ọyún ni tàbí òjìji?

Ó tún lè jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí ó ní oríkèé onírin, tí ẹ̀jẹ̀ wá ń dà lára rẹ̀. Ilé ìtọ̀ àti ilé ọmọ wà láàárín ìbàdí méjèèjì. Òjìji lè bo kókó tí ó wà níbẹ̀, kí àìsàn tí ó yẹ kí a tètè rí sì máa dàgbà. Ẹni tí ó ní irin púpọ̀ ní eyín, bí egbò bá wà ní ahọ́n tàbí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìlà funfun ń gbà kọjá. Òdìkejì rẹ̀ náà burú: òjìji lè jọ egungun tí ó sán tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú ara, kí wọ́n wá máa tọ́jú àìsàn tí kò sí.

Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ wá tún un yà, kì í ṣe owó nìkan ni ẹ óò tún san. CT kan fún ikùn lè tó ìtànṣán ọgọ́rùn-ún X-ray àyà. Èyí kò yẹ kí ó dẹ́rù bani bí ìdí bá wà fún un. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbà á lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ tí a gbé mì.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní, ohun tí ó ṣeé bọ́, kí a bọ́ ọ. Yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, òrùka, ìfúnpá, oǹdè, pín-ìnnì irun, bẹ́líìtì, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ó ní irin, eyín àtọwọ́dá tí ó ṣeé yọ, àti kóbọ̀ inú àpò. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan kì í fẹ́ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lójú àlejò. Ẹ bọ́ ọ nílé kí ẹ tó wá. Yẹtí kékeré kan lè fa ìlà kọjá nínú àwòrán ọpọlọ.

Èkejì, ohun tí kò ṣeé bọ́, kí a sọ ọ́. Ẹ sọ fún dókítà tí ó kọ ìwé síkáànì, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé náà. Ẹ tún sọ ọ́ ní yàrá àwòrán. Báyìí ni kí ẹ wí: "Ẹ jọ̀ọ́, irin wà ní itan mi ọ̀tún. Ọdún báyìí ni wọ́n fi í síbẹ̀. Ìwé rẹ̀ àti X-ray rẹ̀ àtijọ́ nìyí." Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni bí a ó ṣe tẹ́ aláìsàn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ ibi tí irin wà, ó lè ní kí ẹ ká orúnkún kan sókè kí irin ẹsẹ̀ kan má baà wà lọ́nà ẹsẹ̀ kejì. Ó lè ní kí ẹ na apá onírin sókè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Ó lè ní kí ẹ tẹ orí ba díẹ̀, tàbí kí ó dẹ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí ó bá jẹ́ irú tí ó ṣeé dẹ̀, kí ìtànṣán má baà gba eyín onírin kọjá. Ọ̀nà yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ti parí, ó ti bọ́.

Ẹ̀kẹrin ni agbára ìtànṣán. Wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀rọ sí 120 kílófóòtì. Fún irin, wọ́n lè gbé e lọ sí 140, kí ìtànṣán alágbára pọ̀ sí i, kí wọ́n sì gé àwòrán sí pẹlẹbẹ tí ó fẹ́lẹ́. Ìtànṣán tí ara ń gbà lè pọ̀ sí i pẹ̀lú èyí, nítorí náà ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni yóò wọ̀n ọ́n.

Ìkarùn-ún ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní 1987, Willi Kalender àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tẹ ọ̀nà kan jáde. Kọ̀ǹpútà yóò wá àwọn ìtànṣán tí ó gba irin kọjá, yóò yọ ìròyìn èké wọn kúrò, yóò sì fi àwọn aládùúgbò wọn díwọ̀n ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ. Ó dà bí olùyẹ̀wò owó tí ó rí ìwé tí òjò pa, tí ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó sì wo ìwé ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e láti mọ iye tí ó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó jáde láìpẹ́ ní irú ètò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn, láti nǹkan bí ọdún 2006, ń fi ìtànṣán agbára méjì ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, kí kọ̀ǹpútà lè fi ọ̀kan bá èkejì wí. Ní 2021, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú mìíràn tí ń ka ìtànṣán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn wọ́n gan-an.

Ẹ̀kẹfà, ẹ gba àwòrán lórí CD, kí ẹ má gba fíìmù nìkan. Lórí fíìmù, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa wà. Lórí CD, dókítà lè yí dúdú àti funfun padà, kí ó fẹ̀ ẹ́ sí i, títí ara irin yóò fi hàn yàtọ̀ sí òjìji rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ìròyìn tútù tí ìtànṣán kọ̀ọ̀kan mú wá, tí kọ̀ǹpútà fi ṣe ìṣirò, kì í pẹ́ lórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ máa ń pa á rẹ́ láti fi àyè gba ti ẹlòmíràn. Nígbà tí ó bá ṣì wà, wọ́n lè tún àwòrán ṣírò láìtún tan ìtànṣán sí yín lára. Bí ó bá ti lọ, àfi kí ẹ padà wá sùn sórí ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

KÍ A MÁ ṢE ÀṢEJÙ

Àtúnṣe kọ̀ǹpútà kì í ṣe idán. Iye tí olùyẹ̀wò owó díwọ̀n kì í ṣe rìsíìtì. Nígbà mìíràn, ètò tí ó yọ òjìji àtijọ́ lè dá òjìji tuntun sílẹ̀, tàbí kí ó jẹ egungun tí ó wà lẹ́bàá irin lójú àwòrán, kí ó dà bí ẹni pé irin ti tú. Nítorí náà ni dókítà tí ó gbọ́n fi ń wo méjèèjì, èyí tí a tún ṣe àti èyí tí a kò tún ṣe. Ẹ bèèrè fún méjèèjì.

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí irin bá ń ba àwòrán jẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára mi." Rárá o. Irin tí ó gbé egungun dúró ń ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi ju àwòrán lọ. Ẹlòmíràn lè wí pé titanium nìkan ni òun yóò gbà láti òní lọ. Ó dára kí ẹ bi dókítà yín bí owó bá wà, pàápàá fún ẹni tí wọ́n mọ̀ pé yóò máa ya àwòrán lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n irin tí kì í dípẹtà ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí oko àti ọjà. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sílé pẹ̀lú egungun ṣíṣẹ́ nítorí pé ó ń dúró de owó titanium.

Ẹ má sì ṣe fi CT wé MRI. CT kì í fa irin. MRI ní òòfà ńlá, ó lè fa irin kan tàbí kí ó da ẹ̀rọ ọkàn kan rú. Ìwé tí ó sọ orúkọ irin yín ni yóò sọ fún wọn bí ẹ bá lè wọ ibẹ̀. Ìwé kan náà ni, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, X-ray lásán tàbí àwòrán tí wọ́n fi ohùn yà, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, lè dáhùn ìbéèrè dókítà ní owó kékeré. Kò burú láti bi í léèrè.

IṢẸ́ TI ẸGBẸ́

Mo ní àbá mẹ́ta fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, nígbà tí a bá fọwọ́ sí ẹ̀yáwó fún iṣẹ́ abẹ, kí akọ̀wé rán ọmọ ẹgbẹ́ náà létí pé kí ó gba ìwé iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn kí ó tó kúrò níbẹ̀: irú irin, orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, ibi tí ó wà nínú ara, ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i. Kí ó ṣe ẹ̀dà méjì. Kí ọ̀kan wà nínú àpótí ilé, kí ọmọ tàbí ìyàwó tàbí ọkọ mọ ibi tí èkejì wà, nítorí ẹni tí ó dákú kò lè sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ kà á síta ní ìpàdé. Àṣírí ara ẹni ni.

Èkejì, kí a má fi owó tí ó kéré jù nìkan yan ibi tí a ó ti ya síkáànì. Kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Ǹjẹ́ ẹ̀rọ yín ní ètò tí ń dín òjìji irin kù? Ǹjẹ́ ẹ óò fún mi ní àwòrán tí a tún ṣe àti èyí tí a kò tún ṣe? Ǹjẹ́ ẹ óò fi í sórí CD fún mi? Ibi tí owó rẹ̀ kéré tí wọ́n wá ní kí a padà wá ni ó wọ́n jù.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹgbẹ́ awakọ̀ máa sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ara wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí irin wà lára wọn kò jẹ́ sọ ọ́ fún dókítà nítorí wọ́n rò pé ó ti di ohun àtijọ́, tàbí nítorí ojú ń tì wọ́n pé ọta ìbọn ni. Irin kì í di àtijọ́ níwájú ìtànṣán.

Ní ọdún 1872, ìlú mẹ́tàlá ni wọ́n para pọ̀ tí wọ́n fi di Ṣágámù, nítorí wọ́n rí i pé bí ìlú kan bá dá dúró, ogun lè kó o. Bí ọ̀rọ̀ àwòrán náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rọ kò lè dá a ṣe, dókítà kò lè dá a ṣe, òṣìṣẹ́ yàrá àwòrán kò lè dá a ṣe. Aláìsàn náà ní ìpín tirẹ̀ láti san, ìpín náà kò sì ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

 Ẹni tí ó bá ní ìwé irin rẹ̀ nílé, kí ó wá a jáde ní alẹ́ òní. Ẹni tí kò ní, kí ó padà lọ bèèrè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọlọ́run yóò fún wa ní ìlera láti jẹ èrè owó wa.